Kò Sí Òfin Ológbò ní Festac

Ilé wa ní Festac,
Ọ̀sán Sátidé.

Mosúnmọ́lá, Àdùkẹ́ mi,

Kò sí òfin kankan ní Festac yìí tó ní kí èèyàn má sin ológbò. Kò sí i rí. Èmi ni mo ṣe òfin yẹn, lórí àga tí mo jókòó sí yìí gan-an, lọ́jọ́ tí o gbé ọmọ ológbò kan wọ pálọ̀ nínú báàgì ilé-ìwé rẹ. Ó yẹ kí o rántí. A kò tíì pẹ́ tí a kó wọ ilé yìí, o sì ń múra láti wọ sẹ́kọ́ńdírì. Mo fi ohùn ńlá sọ fún ọ pé àwọn aláṣẹ ẹ̀sítéètì kò gbà, pé bí wọ́n bá bá ẹran kankan nínú fúláàtì, wọ́n á kó ẹrù wa síta. O sunkún, o gbé e padà síbi tí o ti rí i. O gbà mí gbọ́ nítorí pé bàbá rẹ ni mí, mo kàwé díẹ̀, mo sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ òfin.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ológbò ń bà mí.

Má rẹ́rìn-ín. Tàbí kí o rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ ti rẹ́rìn-ín ṣáájú rẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún ọ. Ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, nígbà tí wọ́n ní kí bàbá ìyàwó wá súre. Àmọ́ báwo ni èèyàn á ṣe di máíkì mú níwájú àwọn àna rẹ̀, kí ó máa sọ̀rọ̀ ológbò? Mo súre, mo jókòó, ọ̀rọ̀ náà sì jókòó sínú mi.

Lẹ́tà rẹ ló fà á jáde. O ní o gba ọmọ ológbò kan lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ ọ́ lókùúta lẹ́yìn ilé-ìwé yín ní Òṣogbo, pé Gbádé ọkọ rẹ fẹ́ràn rẹ̀, pé ó máa ń gun èjìká rẹ tí o bá ń máàkì ìwé. Lẹ́yìn náà ni o sọ ohun tó ń dà ọ́ láàmú. Ìyá Gbádé, tí orúnkún wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè dá gbé ní Alákijà mọ́, tí ẹ ti tọ́jú yàrá dè, ránṣẹ́ pé bí ológbò bá wà nínú ilé yẹn, àwọn kò ní fẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. O kò fẹ́ kí àgbàlagbà dá wà níbi tí wọ́n lè ṣubú sí. O kò sì fẹ́ dá ọmọ ológbò padà sáàárín òkúta. O wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Bàámi, kí ni kí n ṣe? Ẹ̀yin lẹ mọ òfin."

Gbólóhùn yẹn ló gbé mi dìde lórí àga. Mo rìn dé fèrèsé, mo rìn padà. Ìyá rẹ ní ṣé kòkòrò ló ta mí.

Kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá, torí mo fẹ́ kí o rántí rẹ̀ tí a bá dé ọ̀rọ̀ Ìyá Gbádé. Ní Ìkirè, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin, ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Wọ́n máa ń sọ fún àwa ọmọdé pé ológbò kì í ṣe ẹran lásán, pé bí ó bá tẹjú mọ́ ọ, ó ń wo ibi tí ẹ̀mí rẹ wà ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ṣì sùn sórí ẹní, ológbò aládùúgbò wa já bọ́ láti orí àjà, àyà mi ló sì balẹ̀ sí. Mo pariwo débi pé àwọn tó ń lọ pọnmi yà wọlé wá wò mí. Mo ti tọ̀ sára. Bí mo ṣe tóbi tó nígbà yẹn, mi ò fẹ́ sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹgbẹ́ mi ti sọ mí ní Ọkọ Ológbò. Bí mo bá ń kọjá lọ, wọ́n á ní, "Ọkọ Ológbò, ìyàwó rẹ ń bọ̀ lẹ́yìn o!" Ọmọ tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ló dàgbà, tó jáde sẹ́kọ́ńdírì, tó wá sí Èkó, tó ríṣẹ́ ní Àpápá, tó gbéyàwó, tó di bàbá. Ìtìjú yẹn kò fi mí sílẹ̀. Mo kàn rí aṣọ tó buyì fún un wọ̀ ni, mo pè é ní òfin.

Ohun tí o kò mọ̀ nìyí: a ní ológbò nínú ilé báyìí. Ìyá rẹ ló ní kí a má tíì kọ ọ́ sí ọ, kí ó dá wa lójú ná pé yóò dúró.

Ọjọ́ kan ní àkókò òjò yìí ló dé. Òjò ti rọ̀ láti ìdájí, gọ́tà ẹ̀yìn ilé kún dé ẹnu. Ìyá rẹ ń ránṣọ létí fèrèsé, ó sì dá máṣíìnì dúró.

Ó ní, "Ẹ gbọ́ nǹkan tó ń ké."

Mo ní, "Ọmọ àwọn ará òkè ni."

"Bàbá Mosún, ọmọ èèyàn kì í ké báyìí."

Kí n tó wí nǹkan míì, ó ti mú agbòòrùn jáde. Kò sì ṣí i. Ìdí agbòòrùn tó tẹ̀ bí ìkọ́ ló kì bọ gọ́tà, ló fi fa ọmọ ológbò kan jáde láàárín ike àti ewé tó dí ojú omi. Nígbà tó wọlé, òun àti ẹran náà rin gbindingbindin. Ẹran náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà ọmọdé lọ. Ojú nìkan ló tóbi lára rẹ̀, ojú yẹn sì ń wò mí.

Mo sún mọ́ ògiri. Mo ní, "Ìyá Mosún, o mọ̀ pé àwọn aláṣẹ ẹ̀sítéètì..."

"Àwọn aláṣẹ wo?" Táwẹ́lì mi ló fi ń nu ẹran náà. "Ará òkè wa ní ajá. Ọ̀gá tó wà ní ìkángun òpópó kílóòsì wa yìí ń sin ẹyẹlé. Ta ló kó ẹrù wọn síta?"

"Ẹyẹlé yàtọ̀."

"Ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà yín."

Mo tún sún mọ́ ògiri sí i.

Ó ní, "Láti ìgbà tí ẹ ti ń fẹ́ mi sọ́nà ni mo ti mọ̀. Tí a bá jọ ń lọ, tí ológbò bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ máa ń rántí lójijì pé ẹ gbàgbé nǹkan sílé."

Mosún, gbogbo ọdún tí mo fi rò pé mo ń fi ọgbọ́n bò ó, ó ti mọ̀! Ó dùn mí, ó sì dùn mọ́ mi, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A ṣe àdéhùn pé kíṣìnì ni ẹran náà yóò máa gbé, pé ilẹ̀kùn yóò máa wà ní títì, títí a ó fi rí ẹni tó máa gbà á. Àdéhùn náà kò dé ọjọ́ kejì. Ẹran yìí kò mọ ohun tí ilẹ̀kùn wà fún. Ó gun kọ́tìnì pálọ̀ dé òkè, kò wá mọ bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ó ń ké níbẹ̀ bí ẹni tí a jà lólè. Ó gbé téèpù ìyá rẹ, ó fà á kiri ilé. Tí mo bá ṣí ìwé ìròyìn, á fò mọ́ ọn láti òdìkejì, ìwé á ya, ọkàn mi á já. Tí mo bá jókòó láti jẹun, abẹ́ tábìlì ni yóò lúgọ sí tí yóò máa dọdẹ okùn bàtà mi. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì sórí àga tí mo bá ń jẹun. Ìyá rẹ wọlé bá mi bẹ́ẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ mi.

Ó ní, "Bàbá Mosún, ṣé omi ti wọlé ni?"

Èmi kò pè é lórúkọ kankan. "Nǹkan yẹn" ni mo ń pè é. "Nǹkan yẹn ti jẹun?" "Nǹkan yẹn wà lábẹ́ àga." Mo ti ń wá ẹni tí màá gbé e fún ní Kuje ìtòsí wa níbí. Mo tilẹ̀ ti bá ẹnìkan sọ̀rọ̀.

Mo dìde níbí, mo lọ mu omi. Mo ti padà dé.

Sátidé tó kọjá ni mo wa mọ́tò Ìjàpá wa lọ sí Mazamaza lọ ra bátìrì. O mọ ariwo tí mọ́tò yẹn máa ń pa, àmọ́ lọ́jọ́ náà, ó tún fi òmíràn kún un, igbe tín-ín-rín kan láti ẹ̀yìn. Mo ní fáànù-bẹ́líìtì ló ti gbẹ. Mo ń bú u bí mo ṣe ń lọ. Bí mo bá dín eré kù, igbe náà á ròkè. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níwájú àwọn tó ń ta àlòkù ẹ̀yà mọ́tò, mo lọ sẹ́yìn níbi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, mo ṣí ìdérí rẹ̀.

Ojú méjì ló ń wò mí láti inú òkùnkùn.

Ó ti gba abẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ sùn síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí n tó ṣíná sí mọ́tò. Bẹ́líìtì ló wà lápá ọ̀tún rẹ̀, irin gbígbóná ló wà lápá òsì. Bí mo ṣe wà á láti Festac dé ibẹ̀ tí kò fi gé e sí wẹ́wẹ́, Ọlọ́run nìkan ló yé.

Èèyàn ti pé lé mi lórí. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń pe èrò sọ́kọ̀ ní, "Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ológbò tó wọ ẹ́ńjìnnì, ta ló rán an?"

Ìyá kan tó ru búrẹ́dì dá a lóhùn. "Ìwọ náà dákẹ́! Ta ló rán ìwọ wá sí Mazamaza?" Ó yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ fà á jáde. Ara irin yẹn gbóná."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ohun tí mo ń retí ni kí ẹnìkan ní kí n yẹra, kí òun bá mi mú un. Gbogbo wọn ń wò mí. Èmi ni mo ni mọ́tò, èmi ni mo ni ológbò. Mosún, mo fẹ́ sá. Mo ti ń rò ó pé kí n ní mo gbàgbé nǹkan sílé.

Ó wá ké lẹ́ẹ̀kan sí i. Kì í ṣe igbe ẹran tó fẹ́ fò mọ́ èèyàn. Igbe ẹni tí kò mọ ọ̀nà àbáyọ ni. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Irin jó mi ní ọrùn ọwọ́, mo jẹ́ kí ó jó mi. Mo di ẹran náà mú, mo sì rò pé yóò ya mí pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Apá aṣọ mi ló dì mú. Ó dì í mú gírígírí, bí ìwọ náà ṣe máa ń dì mí mú nígbà tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ gún ọ lábẹ́rẹ́.

Mo ṣí fìlà mi, mo gbé e sínú rẹ̀.

Ìyá oníbúrẹ́dì ní, "Bàbá, ẹ ń gbọ̀n."

Mo ní, "Ológbò ló ń gbọ̀n."

Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ni."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín, níwájú gbogbo èrò Mazamaza. Mi ò ra bátìrì mọ́. Mo gbé fìlà náà lé itan, mo rọra wakọ̀ bọ̀ wá sílé. Nígbà tí mo fi máa dé ẹnu géètì, ó ti sùn.

Ìyá rẹ ti tú gbogbo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Ó rí mi lórí lásán.

"Kí ló wà nínú fìlà yín?"

Mo ní, "Fìlà ni."

"Mo rí i pé fìlà ni. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Fìlà."

Ó jókòó sórí àga ìránṣọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Ẹ ṣeun." Mo lọ sọ fún ará Kuje pé kó má wulẹ̀ wá mọ́. Àdùkẹ́, ara mi kò fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n bí ọ láyọ̀.

Mo ti búra pé mi ò ní purọ́ fún ọ mọ́ nínú lẹ́tà yìí: ẹ̀rù ṣì ń bà mí díẹ̀. Tí ó bá fò lójijì, èmi náà á fò. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ń kọ̀wé yìí, orí tábìlì ló nà sí, ìrù rẹ̀ wà lórí etí ìwé. Bí o bá rí ibi tí táwádà ti fà bàlà lókè yẹn, òun ni.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn lo béèrè, ìtàn ni mo ń sọ. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ló yẹ kí n máa gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn, àmọ́ èmi ni bàbá tí o ní.

Èkínní. O kọ ọ́ pé o ń rò ó láti fi ológbò náà pamọ́ sọ́dọ̀ aládùúgbò yín, kí o ránṣẹ́ sí Ìyá Gbádé pé ó ti lọ, tí wọ́n bá ti wá tán kí o wá máa gbé e wọlé díẹ̀díẹ̀. Jọ̀wọ́, ọmọ mi, má ṣe é. Irú ẹ̀ ni mo ṣe fún ọ. Irọ́ yẹn kò ṣòro láti pa, ìṣẹ́jú kan ni. Ohun tó ṣòro ni kí n máa gbé pẹ̀lú rẹ̀, kí n máa ṣọ́ ọ, kí n máa bẹ̀rù ọjọ́ tí ọmọ mi máa béèrè ní ọ́fíìsì ẹ̀sítéètì. Sọ fún wọn pé ológbò wà níbẹ̀. Sọ ibi tí o ti rí i àti ìdí tí o fi gbé e.

Èkejì. Ìyá Gbádé kì í ṣe ọ̀tá rẹ, wọn kò sì fẹ́ fi hàn ọ́ pé àwọn ni wọ́n ni ọmọ. Nígbà tí mo ka ohun tí wọ́n ránṣẹ́ sí ọ, mo mọ ohùn yẹn. Ohùn mi ni. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, ìtìjú kò sì jẹ́ kí wọ́n pè é ní ẹ̀rù. Nítorí náà, má ṣe bi wọ́n léèrè níwájú Gbádé tàbí níwájú àlejò. Má fi ọ̀rọ̀ àjẹ́ bá wọn jiyàn, má mú Bíbélì jáde, má sọ pé olùkọ́ ni ọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ rẹ́rìn-ín. Ká ní ẹnìkan ti bi mí léèrè ní Ìkirè pé, "Ṣé ó dùn ọ́ níbi tó bọ́ lé?" dípò kí wọ́n máa pè mí lórúkọ ẹlẹ́yà, bóyá ìwọ ìbá ti ní ológbò láti kékeré.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ẹran náà fúnra rẹ̀. Fún un ní yàrá kan tó lè jẹ́ tirẹ̀, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì máa tì, kí ó má ṣe jẹ́ pé ẹsẹ̀ Màmá ni yóò kọ́kọ́ fò mọ́. Bu yanrìn sínú abọ́ tó fẹ̀ kan fún un, yóò mọ ohun tí yanrìn wà fún, o kò ní nílò láti kọ́ ọ. Ẹja ṣáwá ni kí o máa sè fún un, kí o yọ eegun rẹ̀. Mílíìkì inú agolo ti fún tiwa ní inú rírun, má fún un. Má fi òwú sílẹ̀ nílẹ̀: ìyá rẹ rí òwú lẹ́nu Fìlà lọ́jọ́ kan, ọpẹ́lọpẹ́ pé ó yára rí i. Kí o sì sọ fún Gbádé pé kí ó máa fi ọwọ́ lu mọ́tò rẹ̀ gbà-gbà-gbà kí ó tó ṣíná sí i, lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ pé ó ti pẹ́ níbi iṣẹ́. O mọ ìdí rẹ̀ báyìí.

Tí Màmá bá wá dé, jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, kí wọ́n fi aṣọ bo orúnkún. Jẹ́ kí ilẹ̀kùn tí wọ́n lè gbà jáde wà ní ṣíṣí. Kí ìwọ wá jókòó sí ọ̀ọ́kán, kí o máa fi okùn bá ẹran náà ṣeré, kí o má sọ nǹkan kan. Eré rẹ̀ ló kọ́kọ́ dín ẹ̀rù tèmi kù, kí ọ̀rọ̀ Mazamaza tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó sá lé téèpù, ó ré kọjá ibi tó yẹ kí ó dúró, ó ṣubú sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìyá rẹ. Nígbà tó yọrí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì bóyá a rí i. Mo ti rẹ́rìn-ín tán kí n tó rántí pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ẹ̀kẹrin. Má sọ fún Gbádé pé kí ó yan ọ̀kan nínú ìyá rẹ̀ àti ohun tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́. Èyí ni mo mọ̀ jù, torí pé mo kùnà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí ọ, ìyá mi wá bá wa wẹ ọmọ. Bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ọ́ kò tẹ́ ìyá rẹ lọ́rùn, wọ́n ń gbé ọ sókè, wọ́n ń nà ọ́ lẹ́sẹ̀, ìyá rẹ sì ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èmi ńkọ́? Tí mo bá ti gbọ́ ohùn méjì nínú ilé, mo ti wọ bàtà. Ibi ayò dírááfù ni mo máa ń jókòó sí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sẹ́ni tó bá mi níbi tó yẹ kí n wà. Ìyá mi kó ẹrù wọn lọ sílé kí àkókò wọn tó pé, wọn kò sì sùn lọ́dọ̀ wa mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìyá rẹ rò pé mo wà lẹ́yìn ìyá mi, ìyá mi rò pé mo wà lẹ́yìn ìyàwó mi, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ayò ni mo wà. Bá Gbádé sọ̀rọ̀ kí Màmá tó dé. Sọ fún un pé tí ọ̀rọ̀ bá gbóná, kí ó jókòó. Kò pọn dandan kí ó sọ nǹkan. Kí ó sáà má wọ bàtà.

Ẹ̀karùn-ún, tàbí ìkẹfà, mi ò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́. Má fi ológbò yìí ṣe gbogbo ayé rẹ. Mo mọ̀ pé o ń fi èyí san gbèsè ọmọ ológbò tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ nígbà yẹn. Mo rí i nínú bí o ṣe kọ lẹ́tà náà. Èyí tó lọ ti lọ, ẹ̀bi rẹ̀ kò sì sí lọ́rùn rẹ, èmi ni kí o kà á sí lọ́rùn. Kí o wá fọkàn balẹ̀ ṣe ilé rẹ.

Tó bá wá jẹ́ pé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, Màmá kò gbà? Wọ́n lè má gbà. Àgbàlagbà ni wọ́n, orúnkún ń dùn wọ́n, kò sì sí ẹni tó lè fi agídí yọ ẹ̀rù kúrò lára ẹlòmíràn. Jẹ́ kí Màmá wọlé. Gbé ọmọ ológbò náà sínú apẹ̀rẹ̀ onídèérí, kí o gbé e wá fún mi ní Festac. Mo ti bá ìyá rẹ sọ ọ́, ó ní táwẹ́lì mi kan ṣì kù. Yóò máa gbé lọ́dọ̀ Fìlà, ìwọ náà á sì máa wá wò ó. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní parí sínú gọ́tà, kò sì ní parí sábẹ́ òkúta. Fi èyí sọ́kàn kí o tó sùn.

Mo tún ka lẹ́tà yìí láti òkè. Ó gùn jù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé èmi ni mo sọ̀rọ̀ ara mi jù. Mo fẹ́ ya á kí n kọ òmíràn tó kúrú. Ìyá rẹ ní tí mo bá ya á, òun á kọ tòun, èyí tó burú ju èyí lọ. Nítorí náà, gbà á bẹ́ẹ̀. Bá mi kí Gbádé. Kí o wò ó bóyá ìwọ náà á lè dárí òfin yẹn jì mí. Tí kò bá tíì rọrùn, mo lè dúró.

Lọ́la, lẹ́yìn ìsìn, mi ò ní dúró jẹun. Màá lu ẹ̀yìn Ìjàpá gbà-gbà-gbà, màá tẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, màá sì wà á lọ sí Alákijà lọ kí Ìyá Gbádé. Mi ò ní bá wọn sọ̀rọ̀ ohun tí ìwọ fẹ́ tàbí tí o kò fẹ́. Màá gba omi tí wọ́n bá bù fún mi, màá jókòó dáadáa, màá sì sọ fún wọn pé ní Ìkirè, Ọkọ Ológbò ni wọ́n ń pè mí.

Bàbá rẹ.